Ọjọ́ Tí Zan Traore Ka Kòkòrò Oko Òwú Wa

Zangobugu, lẹ́bàá Kutiala,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Nafune, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, àwọn akọ màlúù wa méjèèjì sì ń jẹun dáadáa. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà ní Bamako.

Kí n tó ròyìn ayọ̀, jẹ́ kí n jẹ́wọ́. O ní kí n bá ọ gé ọ̀mùnú orí òwú kan nínú márùn-ún káàkiri oko nítorí ìwádìí rẹ, kí kòkòrò má baà fẹ́ yé ẹyin síbẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ ojú tì mí, ọmọ mi. Ta ni yóò rí Dose Diara tó ń bẹ́ òwú ara rẹ̀ lórí, tí kò ní sọ pé orí rẹ̀ ló dàrú? Ẹ̀yìn igi ẹ̀mí, igi òrí àárín oko wa, níbi tí ará ọ̀nà ò ti lè rí mi, nìkan ni mo gé. Mo fi apá ẹ̀bá ọ̀nà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé bí iṣẹ́ náà bá fọ́, àwọn ọ̀gá rẹ níbi ìwádìí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Zan Traore ló tú àṣírí mi. O ṣáà mọ àwa Diara àtàwọn Traore: láti ayé àwọn bàbá ńlá wa la ti ń fi ẹrú, olè àti ajẹ̀wà bú ara wa ṣeré, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú. Ní oṣù kẹsàn-án, ó wá ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù dé ẹ̀yìn igi ẹ̀mí, ló bá figbe ta: “Ẹ wá wo ẹrú mi o! Ajẹ̀wà yìí ti jẹ ẹ̀wà yó, òwú ló wá ń bẹ́ lórí!” Gbogbo abúlé tú jáde. Mo ní, “Ìwọ olè adìyẹ, gbé pátákó wá kí o wá ka kòkòrò, bí o bá mọ òǹkà!”

Ló bá gbé pátákó oníhò tí o fún wa wá, èyí tí à ń ki igi kan bọ̀ fún kòkòrò kọ̀ọ̀kan tí a bá rí. Àwọn àgbà tẹ̀ lé e. Ó yẹ ogún ìdí òwú wò lẹ́bàá ọ̀nà, ó rí kòkòrò mọ́kàndínlógún. Ó yẹ ogún wò lẹ́yìn igi ẹ̀mí, ó rí mẹ́rin. Inú bí i, ó tún un kà, mẹ́rin náà ni. Nafune, ó tú àpò ṣòkòtò mi wò, ó ní mo ti kó ìyókù pamọ́ síbẹ̀! Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Ká ní ọ̀rẹ́ mi ló kà á ni, wọn ì bá ní ó gbè sẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n Traore wo ló máa yin Diara lọ́fẹ̀ẹ́? Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Torí pé kòkòrò ò pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré la fín oògùn sẹ́yìn igi ẹ̀mí, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́bàá ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn igi ẹ̀mí ni òwú ti là funfun jù. Inú mi dùn dọ́ba.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn àgbà pè mí kí n wá ṣàlàyé fún gbogbo ìlú. Mo ti dìde, mo ti wúkọ́, ni Zan bá ní: “Ẹrú mi, jókòó. Ìdajì ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ lo gbọ́, kòkòrò sì jẹ ìdajì oko rẹ. Ọmọ náà la fẹ́ gbọ́.” Kò tíì sí ọmọbìnrin tó sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi àwọn àgbà rí, àmọ́ gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo jókòó. N ò bínú. Kì í ṣe torí pé Traore ló sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ, kí ó gbé ọ ga ju èmi tí mo bí ọ lọ. Máa bọ̀, ọmọ mi.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Dose Diara.

Mo gbàgbé: nínú ìwé ìwádìí rẹ, kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, pé ìdajì oko ni bàbá rẹ gé. Má bò mí láṣìírí.