Àmì Tí Kò Sí Lórí Kókò

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 1986
Kókò pọ̀ lọ́jà bí ẹni pé ilẹ̀ ń bì í. Àwọn ará oko kó o dé láti Òkè-Ìlá, wọn ò rí ẹni rà á. Mo bi obìnrin kan pé èló ni agbọ̀n kan, ó ní bí n bá lè gbé agbọ̀n náà, kí n máa gbé e lọ. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Atọ́nà, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ní Òṣogbo. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń fi ìròyìn ọjà Ìlá ránṣẹ́ sí wọn. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni orúkọ mi lójú ìwé: Láti ọwọ́ J. Àkànbí. Awakọ̀ tó ń bá mi mú lẹ́tà lọ ń kánjú, mi ò ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Kò burú. Ọmọ Yorùbá ni yóò kà á.

Ọjọ́bọ̀, 9
Mo ń lọ sí Òkè-Ìlá, síbi òkú ọ̀rẹ́ mi Hezekiah. Ó ku eré ayò mẹ́ta tí n óò fi nà án — ó sá.

Ajé, 13
Mo dé. Atọ́nà ti wá lẹ́yìn mi. Àkọlé gàdàgbà lójú ewé kìíní: OWO KOKO JA LULE NI ILA. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan.
Mo ka ìsàlẹ̀. Adéníyì olóòtú — Gègé ni mo ń pè é — ti fi tirẹ̀ kún un: pé láti ìgbà tí ìjọba ti tú Bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká ni àgbẹ̀ ti wọ gàù.
Kòkó kẹ̀! Kókò ni mo kọ. Kòkó gan-an ti ń lọ sókè. Iye rẹ̀ ní Òṣogbo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti èṣí.

Ìṣẹ́gun, 14
Ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣéhù télọ̀ ló kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àsíátù wà níbẹ̀, ìyàwó àbúrò mi tó kú lọ́dún tó kọjá. Àlàó tó ń ra kòkó náà wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ni mo sọ ọ́, kò sí ohun tí kì í wọ̀n kó tó fi sílẹ̀, títí kan ìkíni. Ó ní nítorí àánú, òun á ṣì ra ti Àsíátù ní iye èṣí.
Àsíátù ta gbogbo rẹ̀. Kòkó yẹn ló fẹ́ fi kan páànù sórí ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kù. Yàrá kan ṣoṣo tó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lòun àtàwọn ọmọ ń sùn sí.
Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní bí kì í bá ṣe ìròyìn mi, òun ì bá dúró títí owó yóò fi já tán. Mo dé fìlà, mo lọ wá ọkọ̀ Òṣogbo.

Ọjọ́bọ̀, 16
Òṣogbo. Mo ti to èébú sẹ́nu láti Ìlá. Nígbà tí a dé Ìkìrun mo fi méjì kún un. Gègé ò bá mi jà. Ó fa lẹ́tà mi yọ. *Koko.* Orí ọ̀rọ̀ náà dán bí orí apárí.
“Bàbá,” ó ní, “kí lẹ fẹ́ kí n pè é?”
Mo ní ṣé kò lẹ́nu láti béèrè ni? Ta ló sì ní kó fi ti Bọ́ọ̀dù kún un? Ó ní kókò kì í ta ìwé, kòkó ló ń tà á. Ó lóun á ṣàtúnṣe ní ewé keje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó ọṣẹ. Mo ní ojú ewé kìíní la ti ṣẹ̀, ibẹ̀ la ó ti tọrọ àforíjì. Ó ní ó dáa, kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mi ò fi àmì sí i. Mo ní kí òun náà fọwọ́ sí i pé òun ló gbin kòkó sórí kókò.
A wo ara wa. A fọwọ́ sí i.

Ẹtì, 17
Mi ò tíì sọ fún Àsíátù.

Àìkú, 19
Àtúnṣe ti jáde. Èmi fúnra mi ni mo kà á fún Àsíátù. Kò sunkún. Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó béèrè bóyá Àlàó mọ iye tí wọ́n ń rà á ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà. Mo ní mo gbọ́ ní Òṣogbo pé Àlàó ti ta tirẹ̀ níbẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó ní:
“Bàbá, ẹ kọ ìyẹn náà.”

Ajé, 20
Mo kọ ọ́: iye tí Àlàó fún Àsíátù, iye tí òun fúnra rẹ̀ gbà ní Òṣogbo. Àmì wà lórí gbogbo rẹ̀. Mo fi sórí Àlàó fúnra rẹ̀, ó dà bí ẹni tó dé fìlà mẹ́ta. Ṣéhù ti gbọ́. Ohun tí Ṣéhù bá sì gbọ́, ìlú ti gbọ́ ọ.

Ìṣẹ́gun, 21
Àlàó wá láàárọ̀. Ó kí mi títí, kò wọn ìkíni rárá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Mo ní etí mi ti dí. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń lọgun, títí ilé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí yọjú. Lábẹ́ ìdí mi ni lẹ́tà náà wà.

Ọjọ́rú, 22
Ọkọ̀ Àlàó já páànù sẹ́nu ọ̀nà Àsíátù. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ogójì ni, ọ̀rọ̀ ti parí, kí n fa ìwé ya. Mo fẹ́ ya á o. Arúgbó ni mí, mo fẹ́ àlàáfíà. Àsíátù wọlé bá mi, mo bi í.
Ó ní, “Àwọn mìíràn tà fún un lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá. Ta ni yóò gbé páànù fún wọn?”
Mo ní kò burú, n óò fi ránṣẹ́.
“Ẹ fi kún un pé ó gbé páànù wá. Òótọ́ nìyẹn náà.”
Mo kọ ọ́: páànù ogójì. Ó ní kí n lọ ka páànù náà lẹ́nu ọ̀nà òun ná. Mo lọ, mo kà á. Mẹ́tàdínlógójì ni.
Mo padà wálé, mo tún un kọ.