Bàbá Òṣùwọ̀n: Ẹni Tí Kì í To Irin Tí Wọn Kò Tíì Wọ̀n

Ọdún 1949 ni a bí olóògbé, bàbá wa, àkọ́bí alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọdún márùn-ún. Ọdún 1974 ni wọ́n gbé ìyá wa níyàwó.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìje ló gbé orúkọ Bàbá jáde. Kíránkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, tí apá rẹ̀ gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni Bàbá máa ń fi sí i, kí písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò, lè rìn jìnnà sí i, kí agbára sì pọ̀. Ní 1986, Bàbá ṣe irú rẹ̀ fún àbúrò wọn tó ń wakọ̀ ìje. Kíránkì tuntun ni, písítìnì tuntun ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀pá ògbólógbòó tó so méjèèjì pọ̀ ni Bàbá dá padà síbẹ̀. Ojú lásán ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò wọ̀n ọ́n, torí ó ń dán. Ọ̀kan já lórí eré, ọkọ̀ takìtì, àbúrò wọn sì pàdánù ẹsẹ̀ òsì. A kò ní fi bò: àṣìṣe Bàbá ni, Bàbá fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bàbá kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ìje.

Ní 2003, àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin ní òun náà fẹ́ wakọ̀ ìje. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Àbúrò wọn ló tiro wá sí ṣọ́ọ̀bù: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣe é o, ẹ ò ṣe é o, ọmọ yìí á wà á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ò tíì ṣàṣìṣe rí."

Bàbá gbà láti to ẹ́ńjìnnì ọmọ náà; orí tábìlì ìjẹun ìyá wa ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Kíránkì, ọ̀pá àti písítìnì, tuntun ni gbogbo rẹ̀, tó bára mu. Bàbá ń wọ̀n ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kékeré bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà, wọ́n ń rin èyí tó bá wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá ọ̀pá padà fún ẹni tó tà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, orí itan la ti ń jẹun. Ìyá wa ní òun ti ní orogún, irin sì ni.

Ọmọ náà ṣe ipò kẹfà nínú ìje àkọ́kọ́ rẹ̀. Bàbá kò bèèrè ipò. Wọ́n ní, "Sọ̀ kalẹ̀, fẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá bá mi." Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sunkún lójú gbogbo èrò.

Ọmọ iṣẹ́ méjìlá ló gboyè lábẹ́ Bàbá. Ìtàn ọ̀pá tó já ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ olúkúlùkù, àdúrà sì ni wọ́n fi ń kó ẹ́ńjìnnì jáde.

Bàbá papò dà ní 2021, lẹ́ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Aya, àbúrò, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje ló gbẹ̀yìn wọn.

Àbúrò yín ní ká kọ ọ́ síbí, Bàbá: láti ọjọ́ tí òun ti lajú nílé ìwòsàn lòun ti dárí jì yín, ojú ló ń ti òun láti sọ ọ́ lójú yín. Ẹ sùn re. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn yín mọ́.