Káàdì Agbábọ́ọ̀lù Bàbá Rótìmí

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́.

Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ mi ni Rótìmí àti Bùkọ́lá, àbúrò rẹ̀, kò ti bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Mo pè wọ́n wá lónìí. Mo gbé àpótí káàdì agbábọ́ọ̀lù bàbá wọn síwájú wọn, kí n lè ká ohun tí wọ́n rántí sórí fóònù fún àwọn ọmọ-ọmọ.

Rótìmí mú káàdì kan, ó sọ ọjọ́ ìbí agbábọ́ọ̀lù tí àwòrán rẹ̀ wà lójú káàdì náà láìwo ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí. "Ẹgba ni Dádì fi kọ́ mi, Màmá. Ọjọ́ ìbí tèmi ńkọ́? Kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú."

Bùkọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tiẹ̀ jẹgba, Bùọ̀dá mi. Èmi fọwọ́ epo kan ọ̀kan nínú káàdì wọ̀nyí, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ò fi dáhùn ìkíni mi."

"Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ ni kò bá wá gbé pósí ẹ̀ nígbà náà!" ni Rótìmí fi dá a lóhùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Bùkọ́lá fi fara ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yẹ kí n bá wọn wí. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn máa ń…

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ fún wọn pé àpótí yẹn ló gbá mọ́ra sùn lálẹ́ ìgbéyàwó wa. Irọ́ ni.

Ọkọ̀ Rótìmí ni Bùkọ́lá bá padà sí Òde Rẹ́mọ. Irọ́ mi ṣì wà lórí fóònù. Mi ò ní pa á rẹ́.