Àpótí Àbá àti Fáànù Bàbá Jímọ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Òmù-Àrán

Ó ti sú mi. Èmi ni mo gbé àpótí àbá sílé iṣẹ́ gàrí wa, pé ẹni tí àbá rẹ̀ bá dára jù máa gba fáànù.

Mo ṣí i lónìí. Ìwé mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ kan náà: kí a fi fèrèsé síbi tí a ti ń yan gàrí, kí èéfín lè jáde. Orúkọ Bàbá Jímọ̀, àgbà wa, ló wà lórí gbogbo wọn.

Bẹ́ẹ̀ Fúnkẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi! Mo pè é, mo bi í pé kí ló dé tó fi kọ orúkọ Bàbá sórí ìwé tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ta ló máa gba ẹ̀bùn ṣáájú àgbà?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gbé fáànù fún Bàbá. Wọ́n súre fún mi títí, wọ́n wá rọra bi mí pé: "Ọmọ mi, àbá wo ni wọ́n ní mo dá?"