Àwọn Kékeré Tó Ń Pa Ìyá Lẹ́nu Mọ́

Àkọ́bí mi, ọ̀gá àwọn eku,

Ṣé ara le? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o sinmi níbi iṣẹ́? Àlàáfíà la wà, bàbá rẹ ń bẹ, maṣíìnì ìránṣọ mi náà ń bẹ, àfi ọ̀rọ̀ òkè òkun tó o fẹ́ lọ kàwé fún ọdún mẹ́rin yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo ti sọ fún ẹ lórí fóònù pé mi ò ní í buwọ́ lu fọ́ọ̀mù òbí tí wọ́n ní kó o mú wá, mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó má di pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ ọ̀kan nù.

Àlàyé iṣẹ́ rẹ tó o fi ohùn rẹ ká ránṣẹ́ sórí fóònù mi ti dé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí mi ò mọ àwọn ọ̀gá tó máa wà níbẹ̀. Gbogbo ibi tó o bá ti dánu dúró ni mo ti ń dáhùn, kó o má baà rò pé mo ti lọ. Àwòrán ọlẹ̀ eku, ọmọ eku tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ara nínú ìyá rẹ̀, náà dé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà kan ní ó jọ bàbá rẹ.

Orí rẹ pé, ọmọ mi! Ohun tí ojú ò rí, òun lò ń bá ṣiṣẹ́. O ní bí ọlẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá ti kó sínú ẹyin ló fi ń rìn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí! O tún wá ní tó bá yá, ọ̀rọ̀ ìyá gbọ́dọ̀ lọ kí ọlẹ̀ lè sọ tirẹ̀, àti pé àwọn ìránṣẹ́ tíńtìntín kan nínú ara, tí ẹ̀ ń pè ní RNA, tí àwọn fúnra wọn kì í kọ́ ẹran ara kankan, wà lára àwọn tó ń pa ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́, ẹ ṣì ń wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Pé tí ọ̀rọ̀ ìyá bá kọ̀ tí kò lọ, ọlẹ̀ á dúró sójú kan.

Mo dá maṣíìnì dúró. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ eku lásán ni. Mo ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, èmi ni ọmọ mi ń bá wí. Inú kọ́kọ́ bí mi sí àwọn kékeré yẹn, lẹ́yìn náà ni mo sunkún, torí ẹ̀rù bà mí pé èmi ni mo dá ẹ dúró sójú kan.

Mo ti buwọ́ lù ú. Fi owó ránṣẹ́ kí n ra báàgì onítáyà fún ẹ, mi ò fọkàn tán èyí tí ìwọ máa rà. Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ojú àánú ni wọ́n á fi máa wò ẹ́ níbẹ̀. Ìlà mẹ́wàá ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù náà kí òbí kọ ọ̀rọ̀ tó bá ní sí i. Mo ní ọ̀rọ̀ o, ọmọ mi. Mi ò kọ nǹkan kan.

Èmi ìyá rẹ ni.