Egbò Tí Kì Í Dunni

Ilé Mákindé,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìmẹ̀kọ.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2025.

Fadékẹ́mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Nathaniel ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Pọtakọ́tà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, lórí ìjókòó, lẹ́yìn tí o bá ti jẹun, nítorí mo mọ̀ ọ́: ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ọ. Ara tèmi le. Orúnkún ń ké díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní, "Màmá, ẹ mú Ayọ̀dàmọ́lá ọmọ mi kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń fi í dán oògùn wò. Mò ń bọ̀ wá mú un lọ síbi tí wọ́n á ti gé gbogbo ibi tó bàjẹ́ kúrò." N kò bínú. Ẹni tó bí ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá èyí tí à ń sọ lórí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa já a mọ́ni lẹ́nu. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́tà kíkọ, jẹ́ kí n kọ ọ̀kan sí ọmọ tèmi. Kà á tán kí o tó wọkọ̀.

O mọ̀ pé ìdílé oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni agbo ilé bàbá rẹ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ, tí mo tún jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, mo bá wọn lẹ́nu rẹ̀, n kò sì bá wọn jà. Nígbà tí Ayọ̀ tí o fi sọ́dọ̀ mi ní òun náà fẹ́ kọ́ ijó, mo ní kó lọ, bí kò bá ṣá ti pa ìsìn jẹ. O rántí irin ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀, tó ń dún bí wọ́n ṣe ń tẹlẹ̀. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, awọ ibẹ̀ á sì le. Nílé bàbá rẹ, ẹnikẹ́ni kì í tọ́jú ìyẹn. Wọ́n á ní irin ń kí i. Wọ́n á fi àdí ra á, wọ́n á sì máa fi í han àlejò.

Nítorí náà, nígbà tí kókó kan yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún Ayọ̀, gbogbo ilé ló yọ̀. Bàbá Ọdẹkúnlé, olórí àwọn oníjó, fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Kò dùn ún rárá. Ẹsẹ̀ yìí ti gba ijó." Èmi náà tẹ̀ ẹ́, mo sì gbà. Níbi tí a wà yìí, ìrora la fi ń mọ àìsàn. Ohun tí kò bá dunni, ta ló ń gbé e lọ sí ọsibítù?

Ijó parí, òjò wọlé, wọ́n gbé irin kọ́. Àgbàdo tuntun jáde, kókó ń tóbi. Ayọ̀ ń ṣan ẹsẹ̀ lẹ́yìn oko lọ́jọ́ kan, mo wo ẹsẹ̀ òsì, ó ń dán. Mo ní, "Ṣé ẹsẹ̀ kan lo fi ń wọ irin ni?" Ó ní méjèèjì ni. Mo ní irin wo ló wá mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, tí wọ́n ti gbé e kọ́ tó ṣì ń kí ènìyàn? A lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn, ó gún un lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí kókó fi bẹ́, tí egbò là. Egbò náà kò ṣe bí egbò. Ẹnu rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ti jẹ lọ jìnnà lábẹ́ awọ, inú rẹ̀ funfun bí òwú. Ọmọ náà sì ń jẹ ẹ̀bà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ìgbà yẹn ni ẹnu àwọn ènìyàn là. Wọ́n ní ó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ta ló ṣe é ni wọ́n ń wá, wọn kì í wá kí ló ṣe é. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nígbà tí mo kéré, Fadékẹ́mi. Mo máa padà sí i.

Caleb, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níwèé, tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Igbógilà báyìí, ló sọ fún mi pé àwọn dókítà kan wà ní Ayétòrò tí wọ́n ń ṣèwádìí irú egbò yìí gan-an, nítorí ó ṣọ̀wọ́n débi pé ọ̀pọ̀ dókítà kò fojú rí i rí. A wọ bọ́ọ̀sì lọ. Dókítà Ìbídàpọ̀ ni olórí wọn, ọmọbìnrin tí mo lè bí, tó kí mi lórí ìkúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà pẹ̀lú rẹ̀, Àṣìkẹ́, ọmọ Kétu láti òdìkejì ibodè. Faransé yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí Yorùbá ṣe yọ̀. Látìgbà tó ti gbọ́ pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí rí, "Màmá Dìrẹ́tírísì" ló ń pè mí, n kò sì ní purọ́, ó dùn mọ́ mi.

Wọ́n fi òwú orí igi nu abẹ́ etí egbò náà yíká, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Wọn kò fún un ní oògùn kí èsì tó dé. Ó bí mi nínú, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Dókítà ní, "Màmá, bí a bá pe àìsàn lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀ la máa fún un." Mo gbà, nítorí òótọ́ ni. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní Bùrúlì ni, orúkọ ibì kan ní ilẹ̀ Ùgáńdà. Kòkòrò tó ń fà á bá ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tan. Ẹ̀bá omi tí kò ṣàn dáadáa ló fẹ́ràn, bí àbàtà tó wà nísàlẹ̀ oko wa. Ó ní májèlé kan tó máa ń tú sára, tó ń jẹ́ kí ibẹ̀ kú tipiri. Olè tó kọ́kọ́ mú kí ajá sùn kó tó wọlé ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi dun ọmọ rẹ.

Mo dé ibi tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Wọn kò fi ọmọ rẹ dán oògùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wò. Oògùn méjì wà tí gbogbo wọn ti mọ̀ pé ó ń ṣẹ́gun àrùn yìí, bí aláìsàn bá ń lò ó lójoojúmọ́ fún bí oṣù méjì. Ohun tí wọ́n ń wádìí ni pé, bí wọ́n bá fi ẹ̀kẹta kún un, èyí tí wọ́n ti ń fi wo àìsàn mìíràn tipẹ́tipẹ́, ṣé ìdajì àkókò yẹn kò ní tó? Rò ó wò fún àwọn tó jẹ́ pé oko ni wọ́n ń ti wá. Àwọn kan ń gba ti àtijọ́, àwọn kan ń gba ti tuntun, kò sì sí ẹni tí wọ́n fún ní omi lásán kí wọ́n pè é ní oògùn. Dókítà kọ́ ló ń yan ẹni tó máa gba èwo, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Mo rántí pé àwọn àpọ́sítélì náà ṣẹ́ kèké nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa rọ́pò Júdásì, ọkàn mi balẹ̀. Ti tuntun ló bọ́ sọ́wọ́ Ayọ̀. A lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù wá, wọn kò sì ní torí ìyẹn pa ìtọ́jú rẹ̀ tì. Gbogbo rẹ̀ ni mo béèrè. Mo béèrè títí Dókítà fi ń rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tí n kò rí rí. Lẹ́yìn tí èmi alágbàtọ́ ti gbà, Dókítà kọjú sí Ayọ̀, ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ara rẹ ni. Ṣé o gbà?" Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Nílé tiwa, ta ló ń bi ọmọ bóyá ó fẹ́ lo oògùn? À ń di imú rẹ̀ mú ni. Ayọ̀ ronú, ó ní, "Ṣé màá tún lè jó?" Dókítà kò fi irọ́ tù ú nínú. Ó ní, "Bí a bá tètè ṣe é, mo rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, ẹsẹ̀ náà lè ká, kó má nà mọ́." Ọmọ náà ní òun gbà. Ọmọ rẹ ti ń gbọ́n, Fadékẹ́mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ibùsùn.

Kí ló wá dé tí fọ́tò tó dé ọwọ́ rẹ fi burú tó bẹ́ẹ̀? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ náà tún wú, ó pọ́n, egbò fẹjú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Qúdrát, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, yà á, ó fi ránṣẹ́ sí ọ. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n fọ́tò kò lẹ́nu. Kò lè sọ fún ọ pé Dókítà ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bí kòkòrò bá ti ń kú, ara á jí, á wá bẹ̀rẹ̀ ìjà tó yẹ kó ti jà látijọ́. A padà lọ sí Ayétòrò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ohun tí àwọn ń retí ni. Ó lè jẹ́ pé wọ́n máa mú awọ díẹ̀ nítan rẹ̀ lẹ́yìn èyí láti fi bo ojú egbò, Dókítà kò fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e lọ fún ẹni tó máa gé e nísinsìnyí, ẹran tó ti ń yè ni wọ́n máa gé sọnù.

Fọ́tò náà kò sì sọ fún ọ pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n yà á, Ayọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn gbá àga, ó sì ké. Ó ní, "Màmá àgbà, ó ń dùn mí." Láti ìgbà tí kókó yẹn ti yọ, kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ẹkún ìdùnnú ni. Ẹsẹ̀ tó bá ti mọ̀ pé wọ́n gbá òun, ẹsẹ̀ tó wà láàyè ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo ní mo máa padà sí. O mọ apá òsì mi tí kì í nà. Láti kékeré lo ti ń bá mi gbé garawa nítorí rẹ̀. O mọ ìtàn rẹ̀ náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, pé ìyá mi Sẹ̀kínát ló jẹ apá náà. Mo kéré nígbà yẹn. Kókó yọ nígùnpá mi, kò dùn mí, ó bẹ́, ó ń jẹ lọ. Nítorí pé n kò sunkún, àwọn ará ilé bàbá mi ní egbò ayé ni. Nítorí pé ìyá mi nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ìyá mi ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n lé ìyá mi jáde, wọ́n gba èmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjóùn ni ìyá mi padà sí, ibẹ̀ náà ló kú sí, orúkọ burúkú yẹn sì wà lọ́rùn rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń di egbò Ayọ̀, mo nawọ́ láti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ọwọ́ bùbá mi ká sókè. Nọ́ọ̀sì Àṣìkẹ́ dáwọ́ dúró. Ó fi ìka tọ ojú àpá náà yíká, ó ní, "Màmá Dìrẹ́tírísì, èyí náà ni." Ó pe Dókítà. Dókítà wò ó pẹ́. Ó bi mí nípa omi tí à ń wẹ̀ nígbà náà, ó bi mí bóyá ó dùn mí. Ó ní kò sí àyẹ̀wò tó lè rí kòkòrò nínú àpá tó ti gbó tó báyìí, nítorí náà òun kò ní búra, ṣùgbọ́n òun kò mọ àìsàn mìíràn tó ń kọ irú ìwé yìí sára ènìyàn. Ìyẹn tó mi.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjóùn. Koríko ti bo ibojì ìyá mi lẹ́yìn ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ro ó. Mo wá dúró, mo sọ̀rọ̀ sókè kí gbogbo àwọn tó jókòó sí ìloro lè gbọ́. Mo ní, "Ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ó ní orúkọ." Mo tún un sọ, nítorí àwọn àgbà kan níbẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa.

Nítorí náà, ọmọ mi, wá. Má wá mú un lọ, wá wò ó. Bi Dókítà ní gbogbo ìbéèrè tó wà nínú rẹ, kí o sì bi í léyìí tí èmi gbàgbé. Ìwọ lo bí i, bí o bá ní rárá, wọ́n máa gbà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ìyá mi kò rí ẹni tó máa bi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lójú pópó. Kí ó fún ọ ní etí tó ń gbọ́ àti ọkàn tó balẹ̀. Ọmọ rẹ á fi ẹsẹ̀ méjèèjì pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà, ojú kò sì ní tì wá lórí rẹ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tó sì ń bá ọ tọ́ ọmọ,
Morádéyọ̀ Mákindé.

Àfikún: Mo ti bá Bàbá Ọdẹkúnlé sọ̀rọ̀ nípa ijó ọdún tó ń bọ̀. Mo rò pé wọ́n á bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ronú, wọ́n sì gbà. Láti ìsinsìnyí lọ, bí irin bá kí ọmọ kankan lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tẹ ibẹ̀. Bí ó bá ké, kí wọ́n fi àdí ra á. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n mú un wá bá mi.