Kásẹ́ẹ̀tì Ẹgbẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Dárúkọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé bá ẹlòmíràn sọ, ẹ̀yin náà ni mo tún gbé e wá bá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti yunifásítì tó wà ní Ìjagun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Irú orin yín ni wọ́n ń kọ, gìtá tó ń han etí àti ìlù tí kì í sinmi, bí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ti máa ń ṣe é nínú ilé adìẹ tó ṣófo yẹn. Wọ́n fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì yín kọ. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n mọ̀ yín rárá. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú fà á. Ẹ sọ ẹgbẹ́ yín ní Ṣànpọ̀nná, ẹ wá ń retí kí ará Ìjẹ̀bú máa polówó rẹ̀ kiri. Ẹnu ta ni yóò ti jáde? Àwọn tó tilẹ̀ fẹ́ràn yín gan-an, Olóde ni wọ́n ń pè yín, wọ́n á sì tún rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo rántí orógbó tí ẹ máa ń jẹ ní Sátidé kí ẹ tó lọ bú ramúramù. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ó wọ ẹ̀wù kọ́yà, ẹ ó máa kọ ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ǹjẹ́ àlùfáà tilẹ̀ mọ̀?

Nígbà tí àìsàn ọ̀fun dá yín dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, ohùn Sátidé yẹn gan-an ló ń jáde lẹ́nu yín. Àwọn tó wá gbàdúrà rò pé ẹ̀mí àìmọ́ ni, wọ́n ń bá a wí. Láti ìgbà náà, bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń wúkọ́ kó tó kú, ẹ̀yin ni mo máa ń gbọ́. Ẹ̀rù yín ń bà mí, Bàbá mi. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ pátápátá.

Màámi ló ní kí n dúró. Màámi tó máa ń tilẹ̀kùn mọ́ orin yẹn tẹ́lẹ̀ ló ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn yín nígbà tí ọ̀fun kò tíì máa dùn yín.

A fi í sí rédíò lọ́sàn-án àná. Ẹ bú jáde, mo di etí. Màámi rọra fa ọwọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lójijì, bí ẹ ṣe dákẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀, tí àwa méjèèjì ń wo àyà yín, tí a ń retí. A tún di ọwọ́ ara wa mú, a tún ń retí.

Ẹ mí. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ẹ mí, ẹ sì bá orin yín lọ.

Àwọn ọmọ Ìjagun yóò da tiwọn kọ, ṣùgbọ́n èyí kò ní kúrò nílé mọ́. Màámi ti ní kí n dá a padà síbi tí ẹ ti mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń gbọ́ yín.